Ìpàdé Tí Ẹ Ṣe Lórí Ilé Ọmọ Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú agídí.

O ní o kò ní gbé fóònù mi mọ́. O ní bí a bá wà lórí fóònù, èmi nìkan ni mo máa ń sọ̀rọ̀, pé bí mo bá ní nǹkan láti sọ, kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dáa. Èmi tí mo ń darí ọgbà tó kún fún ọkọ̀ akẹ́rù ti di akọ̀wé lẹ́tà lọ́jọ́ ogbó. Àwọn tó ń gbé lẹ́tà ní yóò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé ọwọ́ rẹ. Ọ̀sẹ̀ kan, fún bébà pẹlẹbẹ. Bí awakọ̀ mi bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú mi, kò ní fojú kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́.

Ohun tí o sọ kí o tó gé fóònù mọ́ mi létí ni pé wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ rẹ kúrò, nítorí kókó fáíbírọ́ìdì tí wọ́n yọ nílé nígbà yẹn ti tún hù. Ìyẹn, mo gbọ́ ọ dáadáa. O wá ní kì í ṣe pé dókítà ló fẹ́ yọ ọ́, ìwọ lo ní kó yọ ọ́. Ìyẹn ni mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Obìnrin tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, tí kò tíì lọ́kọ, tí kò tíì bí ẹyọ ọmọ kan, ló ń sọ pé kí wọ́n yọ ilé ọmọ òun bí ìgbà tí ènìyàn ń yọ táyà tó jò. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn tó pa òwe yẹn kò lọ sí yunifásítì tí mo rán ọ lọ, ṣùgbọ́n orí wọn pé.

N kò fi falẹ̀. Ọjọ́ kejì gan-an ni mo pe ìpàdé ẹbí sí ọ́fíìsì mi nínú ọgbà ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àga pọ̀ sí tí fáànù sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Tísà, wá. Àǹtí rẹ oníkẹ́míìsì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wá. Ọkọ rẹ̀ náà wá. Ó sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n mo kà á mọ́ àwọn tó fara mọ́ ọn nítorí pé orí rẹ̀ ń mì. Èmi ni alága, akọ̀wé mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tísà ló dá àbá pé ẹbí kò fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń yọ kúrò nígbà tí a kò tíì ròpọ̀. Àǹtí rẹ kín àbá náà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ta kò ó.

Nítorí náà, ìpinnu wa nìyí. O kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Wàá máa lo oògùn tí àǹtí rẹ yóò fi ránṣẹ́. Wàá gba ìsinmi níbi iṣẹ́, wàá wálé kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, dókítà tó ṣe ti àkọ́kọ́ yóò tún kókó náà yọ, yóò fi ilé ọmọ sílẹ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó ti fi àyè pamọ́ dè ọ́. Ní ti ọkọ, ètò ń lọ lórí ìyẹn náà.

Akọ̀wé mi, ọmọ tí kò lọ́gbọ́n lórí yẹn, lo ìwé tí a fi ń kọ ìpàdé ọkọ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó gbé e tọ̀ mí wá. Ó ní, "Màmá, níbi tí wọ́n ti ní ká kọ awakọ̀ tó wà ní ìjókòó yìí, kí ni kí n kọ?" Mo ní kó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí. Fọwọ́ sí i, kí o dá a padà.

Fèsì kíá. O mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi sórí ìdúró.

Èmi ni, ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ètò, ẹ kú ìpàdé. Mo kí Tísà. Mo kí Àǹtí. Mo kí ọkọ Àǹtí, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti jí.

Lẹ́tà yín dé. Mo kà á tán, mo tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti wá ibi tí ẹ ti bi mí ní ìbéèrè. N kò rí i. Àṣẹ ló kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kò béèrè bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń dà. Ẹ kò béèrè bóyá mò ń rí oorun sùn. Kódà "ṣé dáadáa ni" tí wọ́n ń bi ẹni tí wọ́n bá pàdé lójú títì, ẹ fò ó, ẹ lọ kí mi kú agídí.

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ béèrè, màá sọ. Ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ níbẹ̀, funfun ni gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Èmi ni ọ̀gá àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ. Láàárín gbogbo funfun yẹn, èmi nìkan ló ń wọ ṣòkòtò dúdú, ọ̀kan lórí èkejì, mo sì mọ ọ̀nà ilé ìtọ̀ ibẹ̀ bí àwọn awakọ̀ yín ṣe mọ kòtò ojú ọ̀nà. Nǹkan oṣù mi kì í lọ kó tó tún dé. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn, màá dúró ní ìdajì, màá di ògiri mú, màá ṣe bí ẹni tó ń ka ìkìlọ̀ iná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Mo ti há ìkìlọ̀ iná náà sórí báyìí.

Ẹ ní dókítà ìgbà yẹn ti fi àyè pamọ́ dè mí. Ọkùnrin dáadáa ni. Mo rántí rẹ̀, nítorí mo wà níbẹ̀, Màmá. Ó jọ pé ẹ gbàgbé ìyẹn. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú mi là kedere, àgbàlagbà ni mí, mo ti ń gba ènìyàn síṣẹ́, mo ti ń dá wọn dúró. Dókítà dúró níbi ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yin dúró níbi orí mi, ẹ ń ju ọ̀rọ̀ sí ara yín lókè ikùn mi. Ó bi yín pé bí ẹ̀jẹ̀ bá wá pọ̀ jù lórí tábìlì ńkọ́, ṣé kí òun yọ ilé ọmọ náà. Ẹ ní, "Ilé ọmọ yẹn kò kúrò níbẹ̀. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Mo la ẹnu kí n sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ẹ sinmi, àǹtí, màmá yín ti dáhùn." Ẹ̀jẹ̀ náà sì pọ̀ jù lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ àjèjì tí wọ́n fà sí mi lára lọ́jọ́ yẹn ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí sí yín.

Ẹ má rò pé ibí sàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo kọ́kọ́ bá pàdé, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń tu ọmọ nínú. Mo to gbogbo ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ fún un. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá wá pàdé ọkùnrin kan lọ́la tó fẹ́ bímọ ńkọ́? Mo ní, "Ṣé ọkùnrin tí kò tíì dé ni ẹ ń tọ́jú ni, àbí èmi tí mo jókòó síwájú yín?" Ó ní kí n lọ rò ó sí i. Mo lọ, mo padà wá, wọ́n gbé mi fún dókítà obìnrin. Òun la gbogbo ọ̀nà tó kù fún mi, ó sọ ohun tó dáa nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tó burú níbẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́. Oògùn wà nínú rẹ̀, mo ti lò ó, ẹ sọ fún Àǹtí. Títún kókó náà yọ wà níbẹ̀, pé ó lè tún hù, pé ẹ̀jẹ̀ lè tún pọ̀ jù. Èmi ni mo yàn.

Ó wá ku ìpàdé yín. Màmá, orí ta lẹ fá? Ní ọ́fíìsì yín, lókè àga alága, ẹ gba ẹni tó ń kun pátákó, ẹ ní kó kọ ọ́ gàdàgbà ní ọ̀dà pupa: A KÌ Í FÁRÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ. Òfin yín ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣèpinnu lórí ọkọ̀ kan bí awakọ̀ rẹ̀ kò bá sí ní ìjókòó. Ẹ ti lé máníjà odindi kan lọ lórí òfin yìí, mo wà níbẹ̀, èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé tí ẹ ní kò lọ́gbọ́n lórí, òun nìkan ló rántí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àga yín kọ ẹ̀yìn sí ògiri náà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kà á, àfi ẹ̀yin.

N kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ní àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò mú mi lọ sílé lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò sì sùn tì mí. N kò tíì rí i. N kò ní kí ẹ wá o. Ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti aláìsàn. Ilẹ̀ kò ní tíì ṣú tí ẹ ó ti pín iṣẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì.

Kí Àǹtí má fi oògùn ránṣẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ìwọ̀sí rẹ dé lódindi, kò fọ́ lọ́nà. Mo kí ọ.

Òfin tí o kà sí mi létí yẹn, èmi ni mo ṣe é. Ọkọ̀ ni mo ṣe é fún. Ọkọ̀, bí ó bá bàjẹ́, mo lè ra òmíràn. Ọmọ tó ń fi òfin ìyá rẹ̀ gbá ìyá rẹ̀ lójú ni mo rán lọ kọ́ ìmọ̀ okòwò, kò sóhun tí n kò ní rí.

O tún ń ka ọjọ́ tí mo dúró níbi orí rẹ sí mi lọ́rùn. Mo dúró níbẹ̀ nítorí kò sẹ́lòmíràn tó máa dúró níbẹ̀. Bàbá rẹ ti wà nínú ilẹ̀. Ìwọ kan ṣoṣo ni mo bí, o kò lẹ́gbọ̀n-ọ́n, o kò lábúrò. Bí awakọ̀ mi bá sùn lọ lórí ìrìn, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í béèrè kó tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìwọ mú, mi ò ní o kò mú.

Mo pe ọsibítù rẹ. Ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù gbé fóònù. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sọ ọjọ́ tí mo bí ọ, mo sọ wákàtí rẹ̀ pàápàá. Ó ní òun kò lè sọ fún mi bóyá orúkọ rẹ wà lọ́dọ̀ àwọn tàbí kò sí. Mo ní èmi ni mo bí i. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni tí wọ́n bí náà bá fún àwọn láyè. Ẹni tí wọ́n bí náà. Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ fún mi. Ọ̀gá rẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ, èyí kàn sọ tirẹ̀ láìjẹ nǹkan kan. Ìlú tí ìyá ti ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ, ibẹ̀ lo fẹ́ kí wọ́n ti la inú rẹ.

Ìdáhùn tí o fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí kò tíì dé, mo ka ìyẹn fún àǹtí rẹ. A rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ni ọ́ níbẹ̀ yẹn. Ìyẹn kò yí nǹkan kan padà.

Nítorí pé o kọ̀ láti gbọ́, mo ti gba ọ̀nà míràn. Èmi àti Tísà ti kọ̀wé sí ọsibítù náà lórúkọ ẹbí. A ní ara rẹ kò dá, pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ kò lè ronú bó ṣe yẹ, pé a fura pé ẹnìkan níbẹ̀ ló ń tì ọ́, pé kí wọ́n dá ọwọ́ dúró títí ẹbí yóò fi sọ̀rọ̀. Tísà fọwọ́ sí i, ó sì fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ "dá ọwọ́ dúró". A fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń yára jù. Kí o tó ka èyí tán, tiwọn yóò ti dé ọwọ́ wọn.

Wá sílé.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Ọjọ́ kejìlá ti kọjá. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe fóònù rẹ, o kò gbé e, lẹ́yìn náà kò dún mọ́ rárá. Mo pe ọsibítù, oníṣingọ́ọ̀mù ló gbé e, ó dá ohùn mi mọ̀, ó kí mi dáadáa, kò sì sọ nǹkan kan fún mi.

N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe é. N kò mọ̀ bóyá o wà láyè. Ẹni tó bá ń fi ìdákẹ́jẹ́ jẹ ìyá rẹ̀ níyà, kó rántí pé ìyá náà ti darúgbó.

Lánàá ni tírélà kan pẹ́ kó tó wọgbà, mo dúró lójú fèrèsé títí ó fi wọlé, n kò sì bá awakọ̀ náà wí. Gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Kọ̀wé. Bó ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Èébú náà dáa.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ìdúró. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín, ẹ kò kọ́ ọ rí.

Mo wà láyè. Wọn kò tíì ṣe é. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Lẹ́tà yín ti dé ọsibítù, ṣùgbọ́n ìgbà tí iṣẹ́ abẹ náà ku ọ̀la ló tó dé iwájú dókítà mi. Dókítà mi pè mí, ojú tì í kó tó sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀ pé orí mi pé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ̀wé pé ẹnìkan ń ti aláìsàn, òfin àwọn ni pé kí wọ́n dá ọwọ́ dúró, kí wọ́n wádìí. Wọ́n gbé mi fún obìnrin kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀. Yàrá kékeré, àga méjì, àpótí bébà ìnujú láàárín wa. Ó ní kí n fara balẹ̀, kí n sọ òtítọ́ fún òun: ṣé ẹnìkan wà tó ń fipá mú mi lórí ara mi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú bírò. Mo ní, "Òun ló kọ lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín yẹn."

Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ níkẹyìn. Àmọ́ àyè tí mo ní ti di ti ẹlòmíràn. Àwọn awakọ̀ yín ń pè yín ní Ìyá Kíákíá bí ẹ bá ti yí ẹ̀yìn, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè dúró de ọkọ̀ tí ìdádúró bá dé bá lọ́nà, ẹ̀yin lẹ dá èmi dúró. Ẹ sì ní kí Tísà fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ kó má baà ṣe wọ́n ní iyèméjì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ṣubú níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ ni mo dúró sí. Aṣọ ibùsùn kan ń jáde bọ̀, ó gbóná, mo na ọwọ́ sí i, ohun tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo wà nílẹ̀, aṣọ náà wà lára mi, kò sì funfun mọ́. Obìnrin tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló pa ẹ̀rọ náà. Òun ló bá mi dé ọsibítù. Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Ìyẹn ni mò ń ṣe ní ọjọ́ tí ẹ dúró lójú fèrèsé.

Ẹ rò pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́ yọ. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti sunkún rẹ̀ nínú yàrá yìí, èmi àti ògiri, títí tí aládùúgbò fi kan ilẹ̀kùn. Ọmọ tí ẹ fẹ́ gbé pọ̀n yẹn, èmi náà ti fojú inú rí i. Mo ti sunkún tèmi tán. N kò lè máa sunkún tiyín mọ́ ọn.

Wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ míràn, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Obìnrin aláṣọ yẹn ní òun yóò mú mi lọ sílé. Kò mọ ẹbí mi, a kì í jọ jẹun, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan la máa ń sọ. Nígbà tí mo la ojú nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn ń pariwo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún mi. Òun ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Kí lo fẹ́?" Omi ni mo fẹ́. Ó lọ bu omi wá.

Bí ẹ bá tún kọ̀wé sí ọsibítù yìí, lẹ́tà tí ẹ ń kà yìí ni ìkẹyìn.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ṣé o ń sùn?

Mo ka lẹ́tà rẹ ní ìdúró, n kò jókòó bí o ṣe ní kí n ṣe. Nígbà tí mo dé ibi aṣọ ibùsùn, mo jókòó.

Mo kọ́kọ́ kọ èsì kan. Gígùn ni. Ó lágbára, gbogbo ibi tí o ti gbá mi ni mo ti gbá ọ padà. Mo gbé e fún akọ̀wé pé kó bá mi fi í sínú àpòòwé. Ó gbé e dúró lọ́wọ́, kò fi í sínú nǹkan kan. Mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fà á ya. Ṣé o rí i bí ìwà rẹ ṣe ń ran àwọn òṣìṣẹ́ mi.

Mo pe ìpàdé. Ènìyàn kan náà, àga kan náà. Tísà ti kọ àbá tuntun wá látilé, ó ní ká kọ̀wé sí ìjọba ibẹ̀. Mo ní kó fi í sápò. Mo ní alága ti fagi lé ìpinnu ìjọ́sí. Ó bínú, ó ní èwo ni ká máa yí ọ̀rọ̀ padà bí ewé inú afẹ́fẹ́, pé kí ni ìdí rẹ̀ tí akọ̀wé yóò kọ sílẹ̀. Mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé awakọ̀ kò sí ní ìjókòó. Ọkọ àǹtí rẹ la ojú nígbà yẹn, ó ní òun náà ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ìṣáájú.

Mo ti kọ̀wé sí ọsibítù. Má bínú kí o tó gbọ́ tán. Mo ní kí wọ́n gbàgbé ti àkọ́kọ́, pé orí rẹ pé, ó pé ju bó ṣe yẹ lọ. N kò fi ti Tísà ránṣẹ́ mọ́ ọn.

Wọ́n ti gbé àga mi sí ìhà kejì tábìlì. Ògiri ló kọjú sí báyìí. Má rò pé tìtorí rẹ ni. Fáànù ni.

Kí n sọ òtítọ́ fún ọ kó má baà dà bí ẹni pé mo ti yí padà tán. N kò fara mọ́ ọn. Bí o bá bi mí, màá ní má ṣe é. Bí o bá tún bi mí lọ́la, ohun kan náà ni màá sọ. Àmọ́ o kò bi mí, èmi náà kò sì bi ọ́ rí. Mo jókòó, mo wá ìgbà kan tí mo bi ọ́ ní ohun kan tí n kò tíì mọ ìdáhùn tí mo fẹ́ gbọ́. Mo wá a dé ìgbà tí o wà ní kékeré. N kò rí i. Nítorí náà, èyí tí mo fẹ́ bi ọ́ yìí, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bi í. Fara dà á.

Obìnrin aláṣọ yẹn, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kó jẹ́ òun náà ló máa mú ọ lọ sílé, ó ní ẹ̀tọ́ sí i jù mí lọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bu omi. Èmi náà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń bù ú. N kò ní bá nọ́ọ̀sì kankan sọ̀rọ̀ àyàfi bí o bá rán mi sí i. N kò ní mẹ́nu ba ọmọ, n kò ní mẹ́nu ba ọkọ. Màá jókòó síbi tí o bá ní kí n jókòó sí.

Ìwé ìrìnnà mi ti wà nílẹ̀. N kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ń yún mi lọ́wọ́. N kò ní pè ọ́. Bí o bá ní rárá, kọ rárá, n kò ní pe ìpàdé lé e lórí.

Ṣé kí n wá?

Mò ń dúró.

Ìyá rẹ.